Bàbá Tí Kì í Ti Ilẹ̀kùn

Ọjọ́ kẹta tí a sin Bàbá Àgbà ni Àǹkù Múfú, àkọ́bí rẹ̀, ti pe káfíńtà wá sí ilé wa ní Lásunwọ̀n kó wá wọn ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Ó ní nígbà tí ọkùnrin wà nílé, ilé tí kò ní ilẹ̀kùn ṣe é fara dà, ṣùgbọ́n kò yẹ kí opó máa gbé inú ilé tó ṣí kalẹ̀. Màmá, ìyàwó Bàbá Àgbà, kàn ń wo káfíńtà náà bí ẹni ń wo àlejò tó lọ jókòó sórí àga onílé. Lójú tèmi, ẹnu ọ̀nà yẹn ni ohun tó kù nínú Bàbá. Kí n tó sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́.

Bàbá mi àgbà, Làmídì, kì í ti ilẹ̀kùn. N ò ní pé kì í fi kọ́kọ́rọ́ tì í o. Kì í pa á dé rárá ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dàgbà sí, nígbà tí àwọn òbí mi ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó láàárọ̀ kùtù, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe bá a láti kékeré. Bí o bá wọlé tí o sì pa ilẹ̀kùn dé sẹ́yìn rẹ, yóò dìde pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń ké, yóò lọ ṣí i padà, yóò wá jókòó padà. Balùwẹ̀ nìkan ni Màmá jà fún tó sì borí, ìyẹn náà, aṣọ ni Bàbá ta sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní Bàbá Ṣílẹ̀kùn, ó sì máa ń dá wọn lóhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, olè wọlé wá bá wa. Kò rí Bàbá lórí àga rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ó sì gbé rédíò. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà kí Bàbá tó sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ohùn tó fi ń kọ́ mi ní ìṣirò ló fi bá olè sọ̀rọ̀. Olè gbé rédíò sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì fẹsẹ̀ fẹ. Ohun tí Bàbá sọ fún un ni pé, "Ọ̀dọ́mọkùnrin, rédíò yẹn ní bí wọ́n ṣe ń gbá a létí kó tó sọ̀rọ̀. Wá, kí n kọ́ ẹ."

Màmá ni kò rí ohun ìpanilẹ́rìn-ín kankan nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ọmọ ẹlẹ́ja, gbogbo ìgbà tó bá sì lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ ló ń kó ẹja yíyan bọ̀. Nígbà kan, ológbò àdúgbò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó jẹ ìdajì apẹ̀rẹ̀. Màmá gbé èyí tó kù síwájú Bàbá. Ó ní, "Bàbá Múfú, ẹ wo ohun tí ilẹ̀kùn yín ṣe!" Bàbá wò ó dáadáa, ó ní, "Kì í ṣe ilẹ̀kùn ló jẹ ẹja, Ìyá Múfú. Ológbò ni."

Màmá di ẹrù lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni èmi àti Bàbá fi jẹ búrẹ́dì. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó wọ agbádá, ó mú mi dání, a wọkọ̀ gba ọ̀nà Ìtòìkín lọ bẹ ìyàwó. Nígbà tí a dé, àwọn àna rẹ̀ ti rí wa láti òkèèrè, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, tẹ̀ríntẹ̀rín, kó lè mọ bí ilẹ̀kùn títì ṣe máa ń rí. Ẹlòmíràn ì bá kànkùn, kó kígbe, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kó parí. Bàbá kò kànkùn. Ó dúró sí ìta láti ìgbà tí wọ́n kírun ọ̀sán títí wọ́n fi pe ti ìrọ̀lẹ́, agbádá lọ́rùn, òógùn lójú. Màmá ni àánú ṣe nígbẹ̀yìn. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Ṣé ẹ ò lè kànkùn ni?" Bàbá ní, "Mo rò pé ẹ ó mọ̀ pé mo wà níta."

Ọ̀rọ̀ yẹn pa wá lẹ́rìn-ín ní gbogbo ọ̀nà títí a fi padà délé. N kò mọ̀ nígbà náà pé inú ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ayé Bàbá wà.

Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí orílẹ̀-èdè yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ìjọba ń wá ẹni tí yóò dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ bí òbí ṣe ń wá ọkọ fún ọmọ tó ti tó ilé ọkọ. Wọ́n ní kí àwọn òyìnbó wá, wọn kò ní gba owó orí lọ́wọ́ wọn fún ọdún bíi mélòó kan, wọn yóò dínà mọ́ aṣọ òkèèrè kí tiwọn lè tà, wọn yóò sì fún wọn nílẹ̀. Àwọn òyìnbó wá lóòótọ́, wọ́n kọ́ ilé ìhunṣọ ńlá sí ìdí ọ̀nà tó lọ sí Ṣágámù. Òyìnbó ni Bàbá ń pe gbogbo wọn o, ìbáà jẹ́ ará Íńdíà tó dúdú ju òun gan-an lọ. Ọ̀dọ́ ni nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ń hun kíjìpá, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ìró òfì, nítorí náà nígbà tó gbọ́ pé ẹ̀rọ kan wà tó ń hun aṣọ fúnra rẹ̀, kò lè sùn. Òun wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà síṣẹ́.

Ó fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn dénú eegun. Etí ló fi ń mọ̀ ọ́n. Kódà nígbà tó ti fẹ̀yìn tì, bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń ké, yóò gbé etí sókè, yóò dìde, yóò lọ bá onítọ̀hún láìpè, yóò sọ ibi tó ń dùn ún fún un. Nígbà kan, ó dá obìnrin tó ń lọ ata fún wa dúró pé bẹ́líìtì ẹ̀rọ rẹ̀ máa já kó tó lọ ata abọ́ mẹ́ta sí i. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Abọ́ kejì ni bẹ́líìtì já. Láti ọjọ́ náà, ọ̀fẹ́ ni ó ń lọ ata wa, nítorí ẹ̀rù Bàbá ń bà á. Bàbá ní, "Ẹ̀rọ kì í purọ́. Èèyàn ni kì í fẹ́ gbọ́."

Ṣùgbọ́n ohun kan wà ní ilé iṣẹ́ náà tí etí rẹ̀ kò lè gbọ́. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ gan-an, àwọn òyìnbó yóò tú ibi tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀, wọn yóò gbé e lọ sí yàrá kan ní ìparí gbọ̀ngàn, wọn yóò ti ilẹ̀kùn. Bó bá tó wákàtí kan, wọn yóò gbé e jáde, ẹ̀rọ yóò sì máa kọrin padà. Àdéhùn wọn pẹ̀lú ìjọba ni pé wọn yóò kọ́ ọmọ ìlú níṣẹ́ náà. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Bàbá fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó di fọ́mánù, àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ pọ̀ bí ewé, kò sì wọ yàrá náà rí. Bí a bá bi í pé ṣé wọ́n kọ́ wọn lóòótọ́, yóò ní, "Wọ́n kọ́ wa. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń tẹ bọ́tìnnì."

Síbẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú wọn lójú òun. Owó wọn ló fi kọ́lé, owó wọn ló fi rán àwọn ọmọ rẹ̀ níwèé, ó sì máa ń sọ ọ́ jáde. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń pariwo ní mọ́ṣáláṣí pé àwọn àjèjì ló kó wa jẹ, yóò bi wọ́n pé ta ló fún wọn nílẹ̀ láìbéèrè nǹkan kan. Ìtàn alága ló sì máa ń fi tì í lẹ́yìn. Nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí ọmọ ìbílẹ̀ ní ìpín nínú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n wá ọlọ́lá kan, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n ní òun ni alága. Ọdún kejì ni alága tó kọ́kọ́ wá wo ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè kò mọ̀ ọ́n, kò sì jẹ́ kó wọlé. Alága fi ọ̀pá lu ilẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo ni ibí!" Ẹ̀ṣọ́ ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ẹ̀yin ni ẹnì kẹta tó sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀."

Mo wà ní ilé ìwé girama nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé. Iná ọba kò sí, epo dísẹ́ẹ̀lì wọ́n bí ojú, aṣọ òkèèrè sì ti kún ọjà pẹ̀lú owó pọ́ọ́kú. Tírélà ló kó àwọn ẹ̀rọ náà lọ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Òyìnbó tó gbẹ̀yìn bọ Bàbá lọ́wọ́, ó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ìparí gbọ̀ngàn. Bàbá lọ ṣí i. Tábìlì kan ló bá níbẹ̀, káléńdà tó ní àwòrán òkè, àti ihò ńlá lára ògiri níbi tí wọ́n ti yọ ẹ̀rọ amúlétutù. Kò sí nǹkan mìíràn. Ó mú kọ́kọ́rọ́ náà wálé, ó fi kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tú bọ́ọ̀tì ilẹ̀kùn pálọ̀, ó yọ ọ́ kúrò lára férémù, ó gbé e fún aládùúgbò tó ń kọ́lé. Màmá béèrè ìdí. Ó ní, "Ọjọ́ tí kò sí ohun tí mo fẹ́ kọ́ níbẹ̀ mọ́ ni wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, òyìnbó mìíràn dé. Ará Ṣáínà ni àwọn wọ̀nyí, wọ́n fẹ́ dá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àga àti bọ́kẹ́ẹ̀tì rọ́bà sílẹ̀, ilẹ̀ ẹbí wa ni wọ́n sì fẹ́. Bàbá ni olórí ẹbí. Mo ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe nígbà náà, iṣẹ́ iná mànàmáná ni mo kọ́, ṣùgbọ́n káàdì fóònù ni mò ń tà ní Gárèjì Ìkòròdú, lábẹ́ agboòrùn, láàárín àwọn ọlọ́kadà. Lọ́yà wọn ti sọ pé wọn yóò gba ọmọ onílẹ̀ síṣẹ́. Mo ti ń lá àlá iṣẹ́ náà. Mo ti yan bàtà tí n ó máa wọ̀ lọ.

Wọ́n wá sí pálọ̀ wa, lọ́yà, ẹnjiníà wọn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Místà Lì, àti gbogbo àgbà ẹbí. Wọ́n ka ìwé. Gbogbo èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n gbé bírò fún Bàbá, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó, ó fi lé orí ìwé.

"Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ kan sí i," ó ní. "Kò gbọdọ̀ sí yàrá tí wọ́n ń tì mọ́ ọmọ ìlú níbẹ̀. Iṣẹ́ tí àjèjì bá ń ṣe, kí ọmọ wa kan dúró tì í títí yóò fi mọ̀ ọ́n ṣe."

Lọ́yà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ilé iṣẹ́ ló ń ṣètò ìyẹn. Kì í wọnú ìwé ilẹ̀."

"Àlejò tó bá fẹ́ dáná nínú ilé ìdáná mi, tó wá tìlẹ̀kùn, n ó jẹun lónìí o. Lọ́la ńkọ́?"

"Bàbá, ẹ tọwọ́ bọ̀wé náà!" Àǹkù Múfú ti dìde. "Wọ́n máa lọ síbòmíràn o! Ẹ wo Àṣàkẹ́ tí oòrùn ń pa ní gárèjì!"

Bàbá wò mí. Ó pẹ́ tó fi wò mí. Lẹ́yìn náà ó gbé bírò padà fún lọ́yà. Wọ́n kó ìwé wọn, wọ́n lọ.

Mo bínú sí Bàbá débi pé ìdúró ni mo fi ń kí i láàárọ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe tọ́ mi yóò mọ̀ pé ìjà ńlá nìyẹn. Mo máa jáde, n ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà," n ó sì ti kọjá. Ní ọjọ́ kẹrin, ó pè mí padà. Mo rò pé yóò bá mi wí. Ó ní, "Àṣàkẹ́, ṣé orúnkún ń dùn ẹ́ bíi tèmi ni?" Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, n kò rín. Mo sunkún ní gárèjì lọ́jọ́ náà, mo sì sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọ sọ sí bàbá rẹ̀ nínú ọkàn mi. Ó ṣì ń dùn mí di òní.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó padà wá. Ibi tí wọ́n lọ, ẹbí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti ta ilẹ̀ kan ṣoṣo fún wọn, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ dé láti gba ẹ̀bùn. Lọ́yà sọ pé Místà Lì ní òun fẹ́ bàbá tó ń ṣe agídí nínú ìwé, nítorí ẹni tó ń jà lórí ilẹ̀kùn kò ní í ta ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ Bàbá sínú àdéhùn. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i lọ́jọ́ náà títí ó fi ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù.

Ẹ má rò pé ó ti tán. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́, wọ́n ní ọ̀dọ̀ Místà Lì ni n ó wà, nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣètò ooru àwọn ẹ̀rọ. Mo dé ibẹ̀, mo bá ilẹ̀kùn ní títì. Inú mi bàjẹ́. Mo dúró síta. Mo dúró títí aago ìparí iṣẹ́ fi lù, mo sì gbé ìbínú mi wálé wá bá Bàbá. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ti tún tì í o! Ìwé yín ò ṣiṣẹ́."

Mo rò pé yóò gbé fìlà, kó ní ká lọ bá lọ́yà. Ó wá ní, "Ṣé o kànkùn?"

Mo ní rárá.

Ó wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lára ìṣó. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Èmi náà ò kàn án rí. Ọgbọ̀n ọdún ó lé. Mo máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn, mo máa ń bínú, mo ní tí wọ́n bá jẹ́ ọmọ èèyàn, wọ́n á mọ̀ pé mo wà níta. Lọ kànkùn lọ́la, Àṣàkẹ́. Tí wọn ò bá ṣí i, ìgbà yẹn ni ìwé tó wúlò."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kànkùn. Místà Lì ṣí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ń tọrọ àforíjì. Ó ní òun pa á dé kí atẹ́gùn tútù má baà jáde ni, kí n wọlé kíá, òun ti ń retí mi láti àná. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá, ó kọ́kọ́ wo kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó. Mo mọ̀ pé ihò ara ògiri yẹn ló ń rò, níbi tí wọ́n ti yọ ẹ̀rọ amúlétutù. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń já bọ́ lójú rẹ̀, Màmá sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. "Ìyá Múfú, gbọ́," ó ní, "àbí atẹ́gùn ni mo bá jà fún ọgbọ̀n ọdún?"

A kò lè mọ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n tì í mọ́ ọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, Bàbá yóò bi mí ní ohun tí mo kọ́, n ó ṣàlàyé rẹ̀, yóò mi orí, yóò sì kọ́ mi ní bí ìró rẹ̀ ṣe yẹ kó rí. Ọdún méjì ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Místà Lì kò pa ilẹ̀kùn náà dé mọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń kan férémù rẹ̀ kí n tó wọlé, torí ọ̀wọ̀. Nígbà tó rìnrìn àjò sílé fún oṣù kan, èmi nìkan ni mo ṣètò àwọn ẹ̀rọ náà. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó jáde lọ́wọ́ mi wá fún Bàbá. Bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa. Inú rẹ̀ ló ti ń bomi ṣe àlùwàlá títí ó fi papòdà, ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, lórí àga rẹ̀, tí atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé.

Ọjọ́ kẹjọ ni káfíńtà gbé ilẹ̀kùn tuntun dé. Ó fi ti ògiri, ó ń dúró kí àwọn ààfáà tó ṣe àdúrà jẹun tán. Pálọ̀ kún. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n ń sọ ìtàn agbádá àti oòrùn, gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni a gbọ́ ìró kan lára férémù, kó, kó, kó. Kò sí ẹni tó ń kànkùn nílé wa. A yíjú, a rí Místà Lì ní ìta, ó ti bọ́ bàtà rẹ̀, ó di fìlà mú láyà, ó ń dúró kí wọ́n ní kó wọlé.

Màmá gbé ojú sókè. "Ta ló ń kànkùn ilé Làmídì?"

"Ọ̀gá mi ni, Màmá," mo ní.

"Wọlé, ọmọ mi. Ibí ò ní ilẹ̀kùn." Ó wo yíká bóyá àga kan ṣófo. Kò sí. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára pákó ilẹ̀kùn tuntun tó fara ti ògiri. "Múfú, sọ fún káfíńtà yín kó kan ẹsẹ̀ mẹ́rin mọ́ nǹkan yẹn kíákíá. Àlejò ò ríbi jókòó."

Àǹkù Múfú wo Màmá, ó wo pákó, ó sì lọ gbé òòlù fún káfíńtà. Ẹnu ọ̀nà ni bẹ́ǹṣì náà wà di òní. Orí rẹ̀ ni mo jókòó sí kọ èyí.